Ojú kì í ṣàdédé funfun

Ẹni kẹta rèé lóṣù yìí tó jókòó síwájú mi ní Kubwa, l'Ábùjá, tó ní ojú òun ṣàdédé funfun. Irọ́ ni. Tí mo bá bi í léèrè títí, a ó kan bọ́ọ̀lù tàbí igi tí ọmọ kan jù. "Ìyẹn ti pẹ́, Dókítà." Ó pẹ́ lóòótọ́. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló bo lẹ́ńsì, ohun tó dà bíi dígí kékeré tó wà lẹ́yìn ọmọlójú, tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Tí nǹkan bá gún awọ náà, omi inú ojú á ráyè wọlé, lẹ́ńsì á wú, á funfun, nígbà mìíràn láàárín wákàtí díẹ̀. Ẹyin tó ti jinná ni, kò sí bó ṣe lè padà di tútù. Ẹ̀ṣẹ́ lè má ya awọ yẹn, kí lẹ́ńsì sì wá dọ̀tí lẹ́yìn oṣù, kódà lẹ́yìn ọdún.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni irin tó ń lu irin. Èérún kékeré á ta wọ ojú, ojúhò tó gbà wọlé á pa dé, ẹ ó ní iyanrìn ni. Irin á jókòó síbẹ̀, á máa dógùn-ún. Ẹ yáa lọ ya ẹ́kísíréè. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé yín wọ ẹ̀rọ MRI tó ń ya àwòrán inú ara o, mágínẹ́ẹ̀tì ni, á fa irin náà kiri inú ojú yín!

Omi ọyàn kì í tú lẹ́ńsì tó funfun. Ìtọ̀ kì í tú u. Ògùn ìkánsójú tí wọ́n ń polówó nínú bọ́ọ̀sì Nyanya, tí sitẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn tó ń mú kí wíwú rọlẹ̀, bá wà nínú rẹ̀, òun gan-an lè ba lẹ́ńsì jẹ́. Abẹ la fi ń yọ ọ́, iṣẹ́ tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ sì nìyẹn.

Mo ṣàlàyé èyí fún páńẹ́lì bítà kan láti Apo tí ojú rẹ̀ funfun. Ìyàwó rẹ̀ ní àwọn ará ilé ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n gba ọ̀dọ̀ onígún-ojú kan lọ, ìyẹn fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ńsì ṣubú sẹ́yìn ojú. Ó rí ìka ọwọ́ lójú ẹsẹ̀, wọ́n dúpẹ́, wọ́n sanwó. Lọ́jọ́ karùn-ún, ọyún ni.

Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ padà wọlé sọ́dọ̀ mi. Eruku irin ṣì wà nínú irun ìpéǹpéjú ọmọ náà. Mo bi í pé awò tó ń lò níbi iṣẹ́ dà.

Ó wo ojú ọ̀gá rẹ̀. "Wọ́n ní awò kì í jẹ́ kéèyàn ríran dáadáa, mà."