Loop Aláìlópin

Loop aláìlópin ni apá kan nínú kóòdù kọ̀ǹpútà tó ń tún ara rẹ̀ ṣe láìdáwọ́ dúró, nítorí pé ohun tó yẹ kó dá a dúró kì í ṣẹlẹ̀. Ó wọ́pọ̀ gan-an lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè kọ̀ǹpútà bíi Python, C tàbí JavaScript. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni àṣìṣe: `loop()` inú Arduino, pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ̀rọ, ń yí po títí iná yóò fi kúrò lára ẹ̀rọ náà, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ohun tó sábà máa ń fà á ni pé variable (orúkọ tó di iye kan mú) tí `while` (àṣẹ tó ń mú kí loop máa lọ níwọ̀n ìgbà tí ohun kan bá ṣì jẹ́ òótọ́) ń wò kò yí padà. Nínú Python, àlàfo iwájú ìlà nìkan tó láti dá a sílẹ̀:

    i = 1
    while i <= 5:
        print(i)
    i = i + 1

Ìlà tó kẹ́yìn ti bọ́ síta loop, nítorí náà 1 ni yóò máa jáde títí. Nínú C, àmì `;` kan ṣoṣo lẹ́yìn `while (i < 5)` ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà, àmọ́ òun kì í tẹ ohunkóhun jáde, èyí sì mú kó ṣòro láti rí.

Nígbà mìíràn, variable ń yí padà, ṣùgbọ́n ó ń fo ibi ìdúró kọjá. Bí a bá fi 0.1 kún 0 lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, 0.9999999999999999 ni Python ń rí, nítorí pé 0.1 kò ṣeé kọ gẹ́lẹ́ ní ìpìlẹ̀ 2, ìyẹn 0 àti 1 nìkan tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ nọ́ńbà. `while x != 1.0` kò ní dúró láé. `while x < 1.0` yóò dúró, àmọ́ yóò yí po lẹ́ẹ̀kan ju bó ṣe yẹ lọ. Ó sàn kí a fi odidi nọ́ńbà kà á. `while idahun != "b" or idahun != "r"` náà kò lè parí, torí kò sí ìdáhùn tó lè jẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. `and` ló yẹ níbẹ̀.

Àwọn ọ̀gá náà ń ṣe é. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2008, ẹ̀rọ agbórin Zune 30 ti Microsoft dákú káàkiri. Kóòdù aago rẹ̀ ní kí loop máa lọ níwọ̀n ìgbà tí iye ọjọ́ bá ju 365 lọ, ṣùgbọ́n ní ọdún ọlọ́jọ́ 366, kò ní yọ nǹkan kan kúrò àfi tí iye náà bá ju 366 lọ. Ọjọ́ náà gan-an ló jẹ́ ọjọ́ 366: ó ju 365 lọ, kò sì ju 366 lọ. Àwọn tó ni ín ní láti jẹ́ kí bátìrì kú tán, kí wọ́n sì tún un tàn lẹ́yìn agogo 12 ọ̀sán, aago GMT, lọ́jọ́ kejì.

Láti wá àṣìṣe náà, a ó kọ́kọ́ tẹ Ctrl+C. Python yóò sọ nọ́ńbà ìlà tó wà lórí rẹ̀ nígbà tí a dá a dúró. Bí ìlà náà bá jẹ́ ti `input()`, àṣẹ tó ń gba ohun tí èèyàn tẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ṣe ni ètò náà ń dúró de ẹni tó máa tẹ nǹkan. Lẹ́yìn náà, a ó fi `print` sí ìlà àkọ́kọ́ inú loop, kó máa fi gbogbo variable tí `while` ń wò hàn. Ìyípo mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó láti rí èyí tó dúró gbagidi, tàbí èyí tó ń lọ sí apá òdì. Ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì ju títún kóòdù kà lọ, nítorí ojú máa ń ka ohun tí ọkàn ní lọ́kàn láti kọ.

Kò sí irinṣẹ́ tó lè yẹ gbogbo kóòdù wò kó sì sọ tẹ́lẹ̀ bóyá yóò dúró. Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, ti fi èyí hàn ní ọdún 1936. Ìdí nìyí tí a fi ń fi òǹkà kún loop tí a ń dán wò, tí `break`, àṣẹ tó ń jáde kúrò nínú loop, yóò sì já a bí òǹkà bá kọjá 1000. Bí Ctrl+C kò bá ṣiṣẹ́ nínú Python, kí a wo bóyá `except:` lásán (àṣẹ tó ń gba àṣìṣe mú kí ètò má bàa dúró) wà nínú loop náà: ó ń gbé àṣẹ ìdúró mì, loop a sì tún máa lọ. `except Exception:` kì í ṣe bẹ́ẹ̀.