Johnson wo ló kọ ìwé tí à ń tọ́ka sí?

Lábẹ́ ìsọ̀ kan lọ́jà Akẹ̀sán, iwájú ààfin Ọ̀yọ́, mo bá àwọn bàbá méjì tí wọ́n ń jiyàn lórí oyè. Èyí àgbà nínú wọn fa ìwé The History of the Yorubas yọ nínú ọ̀rá, wọ́n ní, "Ó tán! Bí Johnson ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ rèé."

Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, Johnson wo nínú àwọn méjèèjì?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó bú ìwé náà. Mi ò bú u o, mo fẹ́ràn rẹ̀ gidigidi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló gbà pé bí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ṣe wà yẹn ni àlùfáà Samuel Johnson ṣe tò ó. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí.

Ọ̀yọ́ níbí ni Samuel ti ń ṣe àlùfáà nígbà tó parí iṣẹ́ náà ní 1897, iṣẹ́ tó gbà á ní ohun tó lé ní ọdún 20. Ní 1899, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan nílùú Gẹ̀ẹ́sì. Wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, débẹ̀ ní 1900 tó béèrè, wọ́n ní àwọn ò rí i mọ́, pé àwọn á sanwó rẹ̀. Owó! Ó ń dùn mí títí dòní. Samuel kú ní 1901, kò fojú kan ìwé náà.

Àbúrò yìí ló wá jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ jágajàga tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, tó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi èyí náà ránṣẹ́ ní 1916 nínú ọkọ̀ òkun Appam. Àwọn ará Jámánì gba ọkọ̀ náà lójú agbami, wọ́n wà á lọ sí Amẹ́ríkà. Wọ́n ti rò pé ó tún ti lọ nìyẹn kí wọ́n tó rí i. Obadiah kú ní 1920, ìwé jáde ní 1921.

Àwọn kan wá ń fi èyí sọ pé Obadiah ló dá a kọ. Irọ́ ni. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi sí i, olóòtú ló pe ara rẹ̀. Àmọ́ kò sẹ́ni tó lè na ìka sí gbólóhùn kan kó fi búra pé ti Samuel nìyí, láìku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan.

Samuel pàápàá kò pe ìtàn àwọn ọba àtijọ́ ní tirẹ̀. Ó sọ ọ́ síwájú ìwé pé ẹnu àwọn arọ́kin ààfin lòun ti gbọ́ ọ, àwọn ìdílé tí ọmọ ti ń jogún ìtàn lọ́wọ́ bàbá, tí wọ́n sì ń lùlù fún ọba. Fún èyí tó sún mọ́ ìgbà tirẹ̀, ó dárúkọ àwọn àgbà tó bi léèrè. Lágúnjú, Tìmì Ẹdẹ, wà nínú wọn.

Bàbá ṣí iwájú ìwé náà, ibi tí a sábà máa ń fò. Wọ́n kà á jẹ́jẹ́, wọ́n tún un kà. Nígbà tí mo fi máa dìde, ọ̀rọ̀ oyè ti kúrò nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni wọ́n ń sọ.