Ọta wo ni kí n fi ṣe ìbọn mi? Ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tẹ́ ẹ ti fẹ́ yìn ín

Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ yéé pè mí láàárọ̀ Sátidé pé "ẹ̀gbọ́n, èwo ló lágbára jù nínú àwọn ọta?" Ìbéèrè yẹn ò lórí, kò nídìí. Ẹni tó fẹ́ kí n ṣe ìbọn bolt-action (èyí tẹ́ ẹ máa ń fọwọ́ fa bóòtì, irin tó ń ti ẹ̀yìn ọta pa, kẹ́ ẹ tó yin òmíràn) tó máa fi yin táńgẹ́ẹ̀tì fún òun, ohun tó yẹ kó mọ̀ ni pé níbo ló ti fẹ́ yìn ín, ìdíje wo ló fẹ́ wọ̀, ọta mélòó ló máa yìn lọ́dún, ta ló sì máa sanwó ọta. Pépà ni táńgẹ́ẹ̀tì, tàbí pẹlẹbẹ irin. Kì í ṣe erin, kò sì ní lé yín.

Mo ń sọ ọ́ torí arákùnrin wa kan ní Houston níbí, olówó ni, Ọlọ́run á tún bù sí i, ó lọ kọ́ ìbọn .338 Lapua Magnum (orúkọ ọta nìyẹn, nọ́ńbà iwájú ń sọ bí orí ọta ṣe fẹ̀ tó, ní nǹkan bí íńṣì) látòkèdélẹ̀, owó tó bá a lọ mi ò fẹ́ sọ kí ìyàwó ẹ̀ má bàa kà á, ó ní òun fẹ́ lọ fi díje PRS, ìdíje ìyìnbọn ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ti ń ka àsìkò. Kò bi ẹnì kankan. Ó débẹ̀, wọ́n wo ọta ẹ̀, wọ́n ní kó máa lọlé. Òfin PRS ò gba ọta tó sanra ju ìdílé .30 (tí .308 wà nínú ẹ̀) lọ, kò sì gba kó sáré ju 3,200 fps, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó ní kò burú, òun á lọ F-Class, ìdíje ọ̀nà jíjìn tí wọ́n ti ń dùbúlẹ̀ yìnbọn tó jókòó lé nǹkan. Wọ́n tún ní rárá, ICFRA tó ń ṣòfin F-Class ti àgbáyé ní 8mm ni òpin nínú F-Open, ẹ̀ka tó gba ọta oríṣiríṣi, .338 sì ju 8mm lọ. Ìbọn náà ti wà nínú àpótí irin láti ìgbà yẹn, ọta ẹyọ kan dọ́là 5 sókè, pápá ìyìnbọn tó sún mọ́ ilé ẹ̀ ò sì ju yáàdì 200. Ó wá ń bi mí bóyá mo lè bá a wá ẹni tó máa rà á.

Torí náà ìdíje ló kọ́kọ́ ń yan ọta fún yín, ẹ̀yin ò tíì yan nǹkan kan. Bó bá jẹ́ F-TR, ẹ̀ka F-Class kejì, lẹ fẹ́ ṣe, .223 Remington àti .308 Winchester nìkan ni wọ́n gbà, ìbọn náà pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó fi dúró ò sì gbọ́dọ̀ ju kílò 8.25 lọ, ọ̀rọ̀ parí. Bó bá jẹ́ Palma, ìdíje ọ̀nà jíjìn míì, .308 náà lọ̀pọ̀ ń lò, yáàdì 800, 900 àti 1,000. Bó bá jẹ́ pé ẹ kàn fẹ́ máa lọ sí pápá lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kẹ́ ẹ fi gbọn iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ dànù ní yáàdì 100, ẹ ra .22 olówó pọ́ọ́kú kẹ́ ẹ má wulẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi.

Àwọn tó kù, 6.5 Creedmoor (mílímítà ni 6.5 yẹn) ni mo máa ń sọ fún wọn, wọ́n á sì máa bínú torí wọ́n ti rò pé ọ̀rọ̀ àṣírí kan ló máa jáde lẹ́nu mi. Kò sí àṣírí níbẹ̀. Hornady ló gbé e jáde lọ́dún 2007 fún àwọn tó ń yin táńgẹ́ẹ̀tì gan-an, kì í ṣe fún ológun, kì í ṣe fún ọdẹ. .308 ti wà láti 1952, mi ò bú u, àgbà ni, àmọ́ ẹ gbé méjèèjì dé yáàdì 1,000 kí afẹ́fẹ́ máìlì 10 ní wákàtí kan máa fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́. Orí ọta .308 tó wúwo tó grain 175 (ìwọ̀n wíwúwo kékeré ni grain), tó kúrò lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bíi 2,600 fps, afẹ́fẹ́ yẹn á gbé e kúrò lójú ọ̀nà tó nǹkan bí íńṣì 100. Ti 6.5 tó jẹ́ grain 140, ní nǹkan bíi 2,700 fps, á wà láàárín íńṣì 70 sí 75. Ẹ ò rí i pé ìyára tó fi jù ú ò tó nǹkan? Orí ọta yẹn gùn, ó sì tín-ín-rín, ó ń la afẹ́fẹ́ kọjá, ìyẹn ló ṣiṣẹ́. Kì í sì í gbá èjìká bíi ti .308, ẹ̀yin fúnra yín á rí ibi tí ọta bà nínú awò kí ìbọn tó jókòó padà.

Àwọn tó ń gbégbá orókè ní PRS báyìí ti sún sí 6mm, 6 Dasher, 6 GT, 6 BR àti àwọn ẹbí wọn, torí wọn kì í gbá'ni rárá. Ó dáa. Àmọ́ kòròfo Dasher, idẹ tó di ẹ̀tù mú, kúrú, àwọn magasíìnì (àpótí tó ń gbé ọta sínú ìbọn) kan ò ní mú un dáadáa àfi tí wọ́n bá fi nǹkan dí ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ ò sì ní máa rí ọta ẹ̀ rà ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, ẹ máa fọwọ́ ara yín dì í. Tẹ́ ò bá tíì máa di ọta fúnra yín, ẹ fi sílẹ̀. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ni pé 6.5 Creedmoor, .308, Dasher, GT, BR, ojú bóòtì (iwájú bóòtì tó ń di ìdí ọta mú) kan náà, íńṣì .473, ni gbogbo wọn ń lò. Ẹ ra action, ara ìbọn tí bóòtì ń rìn nínú ẹ̀, tó dáa lẹ́ẹ̀kan, lọ́dún tó ń bọ̀ tẹ́ ẹ bá yíhùn padà bárẹ́ẹ̀lì nìkan la máa yọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mágúnọ̀ọ̀mù bíi .338 yẹn ò ní àǹfààní yẹn, ojú bóòtì tiẹ̀ fẹ̀ ju èyí lọ.

Wàyí o, ọ̀fun bárẹ́ẹ̀lì. Ẹ fara balẹ̀ níbí torí ibí lowó yín ń bá lọ.

Ẹ máa ń rò pé ẹnu ni bárẹ́ẹ̀lì ti ń gbó. Irọ́ ni, ìdí ló ti ń kú. Iwájú ṣéńbà, ibi tí kátíríìjì (odindi ọta) ń sùn sí, níbi tí orí ọta ti ń bọ́ sínú àwọn ìlà tó máa yí i, ibẹ̀ ni ọ̀fun, ibẹ̀ sì ni iná ẹ̀tù ń lá ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá fa trígà. Mo ní kámẹ́rà kan tín-ín-rín, borescope, tí mo máa ń tì bọ inú bárẹ́ẹ̀lì. Bárẹ́ẹ̀lì tuntun, ẹ máa rí ìlà tí reamer mi, irin tí mo fi ń gbẹ́ ṣéńbà, fà níbẹ̀, mímọ́, etí ìlà kọ̀ọ̀kan mú. Ẹ jẹ́ kó jẹ ọta ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ kẹ́ ẹ tún wò ó, irin náà á ti là yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí ilẹ̀ odò tó gbẹ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, etí ìlà á ti rún wọlé, ọ̀fun á ti sá síwájú, orí ọta á wá máa fò kó tó bá ìlà pàdé. Lọ́jọ́ tí ìbọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọta sọ́tùn-ún sósì láìnídìí, ẹ má bú awò, ẹ má bú afẹ́fẹ́, ọ̀fun ti lọ nìyẹn.

Ohun tó ń pa ọ̀fun ò ju ẹ̀tù púpọ̀ nínú ihò kékeré. .308, ihò ẹ̀ fẹ̀, ó lè jẹ ọta 5,000 kó má tíì rẹ̀ ẹ́. 6.5 Creedmoor, 2,000 sí 3,000. Wọ́n mú kòròfo 6.5 yẹn kan náà, wọ́n fún ọrùn ẹ̀ pọ̀ di 6mm Creedmoor, ó sáré gan-an, gbogbo ọmọdé ló fẹ́ ẹ, àmọ́ ní bíi 1,500 ó ti ń bèèrè bárẹ́ẹ̀lì míì. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ìdíje PRS ọlọ́jọ́ méjì lè jẹ ọta 200. Ìdíje mẹ́jọ ò ní pé tí bárẹ́ẹ̀lì á fi tán, ẹ ò sì tíì kọ́ṣẹ́ kankan nílé o. Bárẹ́ẹ̀lì tuntun pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́ mi, dọ́là 700 sí 900. Dasher ń jẹ ẹ̀tù tó kéré sí ti 6mm Creedmoor, ìdí nìyẹn táwọn tó gbọ́n fi sá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀. Ọta mẹ́wàá láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 90 náà tún ń ba nǹkan jẹ́ torí irin tó ti gbóná ò lágídí mọ́, ẹ jẹ́ kó tutù, kí lẹ ń sá lé?

Àti gígùn ọ̀fun pàápàá, ẹ kì í bèèrè! Ẹ á kàn ní "ẹ ṣe 6.5 fún mi." Orí ọta wo? Èyí tó gùn nílò ọ̀fun tó gùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdí ẹ̀ á rì wọnú kòròfo, á gba àyè ẹ̀tù. Yíyí inú bárẹ́ẹ̀lì náà, 6.5 ẹ fi sí íńṣì 8 fún ìyí kan, ẹ má bá mi jiyàn lórí ìyẹn.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì wà tó ń ṣe ìbọn ní gáréèjì ẹ̀ ní ìdajì owó mi. Ẹnìkan gbé irú ẹ̀ wá bá mi. Mo ki NO-GO bọ ṣéńbà, ìyẹn irin ìwọ̀n tí bóòtì ò gbọdọ̀ pa dé lé lórí láé, bóòtì pa dé wọ́ọ́rọ́wọ́ bíi pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo ní kí ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ó ní ọ̀gá yẹn lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ìdí ọta, ó wò ó lójú, ó ní ó ti dáa. Sẹ́lótéèpù! Kátíríìjì bíi 6.5 Creedmoor lè gba ìtì 62,000 psi, ìyẹn páùn 62,000 lórí íńṣì onígun mẹ́rin kan, ìka mélòó sí ojú yín ni bóòtì wà?

Ti diakoni wa tún wà ńbẹ̀. 6.5 tí mo fọwọ́ ara mi ṣe, ó gbé e padà wá, ó ní bóòtì ò gbéra mọ́, òun ti fi òòlù rọ́bà gbá a. Mo ṣí i, ṣéńbà ń lẹ̀, òórùn ólífì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Wòlíì ló ní kó da òróró àdúrà sí i kó má bàa tàsé. Ẹ gbọ́, èmi náà ń gbàdúrà. Àmọ́ bí ẹ̀tù bá gbiná, kòròfo idẹ gbọ́dọ̀ wú kó di ògiri ṣéńbà mú, tí òróró bá wà níbẹ̀ á yọ̀, gbogbo ìtì yẹn á sì lọ já lé ojú bóòtì. Kí wòlíì fi òróró pa orí ẹni tó ń yìnbọn, kó fi ìbọn sílẹ̀ fún mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń bi mí nípa epo Ògún, alágbẹ̀dẹ ni Ògún, ó mọ ibi tí epo ò gbọdọ̀ dé.

Àwọn tó ń di ọta fúnra wọn, ìwọ̀n ẹ̀tù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp kì í ṣe tìbọn yín. Ṣakabùlà bàbá wa nílé la ń da ẹ̀tù sí bó bá ṣe wù wá. Grain 7,000 ló wà nínú páùn kan, grain méjì péré lé lórí òpin sì lè tó láti fi ba action jẹ́. Ẹ ra ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí kò sẹ́ni tó ń kà á mọ́ ọ̀rọ̀ yíyan ọta, èmi sì rò pé ó ju gbogbo èyí lọ. Kí ló wà nílé yín tẹ́lẹ̀? .300 Blackout, kòròfo .223 tí wọ́n gé kúrú ni, wọ́n fi orí ọta .30 dé e. Ó ń wọ ṣéńbà .223. Ẹ gbọ́ mi, ó ń WỌ̀ Ọ́, bóòtì lè pa dé. Orí ọta tó fẹ̀ tó íńṣì .308 á wá fẹ́ gba inú ihò íńṣì .224 kọjá. Kò ní kọjá.

Mo wà ní pápá lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan ní tábìlì kẹta sí mi. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni wọ́n, ìbọn méjì lórí tábìlì kan, páálí ọta méjì tó jọra, ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ọwọ́ lọ sínú páálí tí kì í ṣe tiẹ̀. Ìró yẹn ò jọ ti ìbọn, ó dún kúkúrú, ó dún gbígbẹ. Mo yíjú, magasíìnì ti já bọ́ sílẹ̀, igi ìbọn ti là, ọkùnrin náà sì jókòó síbẹ̀ ó ń wo ọwọ́ ẹ̀, kò tíì dun ún rárá, ó kàn ń wò ó. Dígí ojú tó wọ̀ ni ò jẹ́ kó fọ́jú, mo rí ègé idẹ tó há sínú ẹ̀. Àbúrò ẹ̀ ń pariwo "kí lo ṣe, kí lo ṣe", ó ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ò gbọ́ràn mọ́ nígbà yẹn.

Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní kí n ṣe .223 fún òun, mo máa ń bi í tààrà bóyá ẹnikẹ́ni ní .300 Blackout nílé yẹn. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo máa ní kó mú òmíì tàbí kó wá ẹlòmíì. Wọ́n ní mo le jù. Mo gbà.

Tẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wá bá mi, ẹ mú ìwé òfin ìdíje tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ wá, ẹ mú orí ọta márùn-ún nínú èyí tẹ́ ẹ fẹ́ máa yìn àti kòròfo méjì tí kò ní ẹ̀tù kò ní primer (èyí tó ń dáná sí ẹ̀tù), kí n fi wọ̀n ọ̀fun. Tó bá jẹ́ fíísà àbẹ̀wò lẹ fi wà ní Amẹ́ríkà, ẹ rí lọ́yà kẹ́ ẹ tó rí mi. Àwọn tó sì ń lọ Lagos ní Kérésì, ẹ gbọn báàgì tẹ́ ẹ máa ń gbé lọ pápá dáadáa kẹ́ ẹ tó kó aṣọ sí i, ọta ẹyọ kan lábẹ́ báàgì ti tó wàhálà ní pápákọ̀ òfuurufú. Ọta gidi ò wọ ṣọ́ọ̀bù mi o, ẹ fi sínú mọ́tò.