Bọ́tìnnì tó ń tàn lórí márosẹ̀ Amẹ́ríkà: kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ wọ́n?

Ìròyìn pé àwọn ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, tí California àti Arizona wà lára wọn, ń tú pátákó ìtọ́nà àtijọ́ tó ní bọ́tìnnì nínú lẹ́tà sílẹ̀ lórí márosẹ̀, tí wọ́n sì ń gbé tuntun rọ́pò, ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan ní owó ìlú ni wọ́n ń fi ṣòfò. Àwọn mìíràn gbọ́ ọ̀rọ̀ "bọ́tìnnì", wọ́n rò pé ẹ̀rọ kan ni wọ́n ń tẹ̀. Mo kó àwọn ìbéèrè tí mo ti gbọ́ lẹ́nu àwọn èèyàn wa jọ síbí.

Bọ́tìnnì wo gan-an ni wọ́n ń sọ?

Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tẹ̀. Ohun róbótó kékeré ni, ó jọ bọ́tìnnì ẹ̀wù, ike tó mọ́ gaara ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n á tò ó sínú lẹ́tà kọ̀ọ̀kan lórí pátákó, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì bí ìlẹ̀kẹ̀ lórí okùn, láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà dé ìparí rẹ̀. Lọ́sàn-án, lẹ́tà funfun lásán lẹ máa rí, àfi tẹ́ ẹ bá tẹjú mọ́ ọn. Lálẹ́, bí iná mọ́tò bá ti bà á, gbogbo ojú kéékèèké yẹn á là lẹ́ẹ̀kan náà, bí ojú ológbò nínú òkùnkùn.

Ṣé bátìrì ló ń gbé e ni?

Rárá. Kò ní bátìrì, kò ní wáyà, kò ní gílóòbù.

Báwo ló ṣe wá ń tàn?

Iná ọkọ̀ yín fúnra rẹ̀ ló ń dá padà fún yín. Ẹ wo kọ̀rọ̀ yàrá, níbi tí ògiri méjì ti pàdé ilẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ju bọ́ọ̀lù síbẹ̀ dáadáa, á lu ògiri kan, á lu èkejì, á lu ilẹ̀, á sì forí lé ọ̀dọ̀ yín padà. Ẹ̀yìn bọ́tìnnì yìí kún fún irú kọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n kàn kéré gan-an ni. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọ inú rẹ̀ á gbára lé ojú mẹ́ta, á sì padà síbi tó ti wá. Dígí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tan iná sí dígí láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, apá òsì ni yóò ta á sí.

Ẹni tó bá ti wakọ̀ ní Nàìjíríà ti fọwọ́ kan ẹbí nǹkan yìí rí: C-caution, onígun mẹ́ta pupa tí àwọn Road Safety máa ń béèrè. Lálẹ́ ọjọ́ kan mo gbé tèmi sí ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pa gbogbo iná ilé, mo sì gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ etí mi. Ó pọ́n yòò bí ẹyin iná. Mo wá fún ọmọ mi ní tọ́ọ̀ṣì náà, mo ní kó lọ dúró sápá ọ̀tún, kó máa tan án sí C-caution náà bí mo ṣe ń tan án. Lójú tèmi, ó kú pátápátá, mi ò rí ju òjìji rẹ̀ lọ. Ọmọ ní, "Dádì, ó ń tàn o!" Òótọ́ ni òun náà ń sọ. Ọ̀dọ̀ ẹni tó di iná mú ni ìmọ́lẹ̀ ń padà sí. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ fi ń rí pátákó tó mọ́ kedere, tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn létí títì náà kò sì rí nǹkan kan.

Ọgbọ́n kan náà ló wà lójú òṣùpá. Ní oṣù keje 1969, àwọn ará Apollo 11 gbé àtẹ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tó ní 100 kọ̀rọ̀ dígí bẹ́ẹ̀. Títí di òní, àwọn onímọ̀ ń ta iná laser sí i láti ilẹ̀ ayé, wọ́n ń ka ìṣẹ́jú àáyá tó fi lọ tó fi bọ̀, wọ́n sì fi ń mọ bí òṣùpá ṣe jìnnà tó.

Bó bá ń ṣiṣẹ́ tó báyìí, kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ ọ́?

Ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù nìyí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣì mí gbọ́. Bọ́tìnnì wọ̀nyí kò burú. Wọ́n tọ́ àìmọye èèyàn dé ilé láyọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọjọ́ ogbó ló dé bá wọn.

Oòrùn ń jẹ ike. Bó bá pẹ́, bọ́tìnnì á pọ́n, á sán, ìdọ̀tí á kún inú rẹ̀. Ọ̀kan á já bọ́ lára E, méjì á já lára S, lẹ́tà á wá dà bí ẹnu tí eyín ti ká. Àwọn tó ń ṣe é fún pátákó sì ti dáwọ́ dúró, nítorí náà kò sí èyí tí wọ́n fẹ́ fi dí àlàfo.

Ẹ̀yìn pátákó tún wà níbẹ̀, ìyẹn àwọ̀ ewé tí lẹ́tà jókòó lé. Lára ọ̀pọ̀ pátákó àtijọ́, pàápàá ti California, lẹ́tà nìkan ló ń dá iná padà; àwọ̀ ewé náà dúdú bí òru. Awakọ̀ kò ní rí i láti òkèèrè pé pátákó kan ń bọ̀, ọ̀rọ̀ tó léfòó lójú ọ̀run ló máa rí. Wọ́n wá ń fi iná mànàmáná sábẹ́ pátákó láti ràn án lọ́wọ́. Iná yẹn ń jẹ owó, gílóòbù sì ń jó. Bó bá jó, èèyàn ni yóò gun òkè, kí ọkọ̀ máa sáré kọjá lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kó lè pààrọ̀ rẹ̀. Pátákó tuntun kì í sábà nílò iná yẹn mọ́.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ojú àgbà. Bí a ṣe ń dàgbà, ihò ojú ń kéré sí i, ẹyinjú sì ń pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń dé ìsàlẹ̀ ojú ẹni 60 ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá mẹ́ta péré èyí tó ń dé ti ọmọ 20. Ọmọ tó wà nídìí ọkọ̀ á ní "Mo rí i, kò ní wàhálà." Màmá tó ń darí bọ̀ láti ṣọ́ọ̀ṣì lálẹ́ ọjọ́ Sunday kò rí i. Fún ìyá yẹn ni wọ́n ń pààrọ̀ pátákó.

Ṣé òfin ló fi dandan lé e?

Ó fi dandan lé bó ṣe gbọ́dọ̀ hàn lálẹ́. Ìwé òfin àmì ojú ọ̀nà tí ìjọba àpapọ̀ ń lò, MUTCD, ti ní òṣùwọ̀n tí àmì kò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ sí láti oṣù kìíní 2008. Bí àpẹẹrẹ, lórí pátákó aláwọ̀ ewé tó wà lókè títì, lẹ́tà funfun kò gbọ́dọ̀ kéré sí 250, àwọ̀ ewé kò sì gbọ́dọ̀ kéré sí 25, ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ iye iná tó ń padà. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́ ni pé wọ́n rò pé gbèdéke ọjọ́ kan wà tí gbogbo pátákó gbọ́dọ̀ ti di tuntun. Ọdún 2015 àti 2018 wà nínú òfin náà níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjọba mú wọn kúrò ní 2012, nítorí owó tí yóò ná àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi ń rí àtijọ́ àti tuntun lórí títì kan náà.

Kí ló wà lára tuntun?

Sítíkà tó ń dá iná padà ló bo gbogbo ojú rẹ̀, lẹ́tà àti àwọ̀ ewé. Sítíkà yìí kì í ṣe ohun àná. Ní 1939 ni wọ́n ti gbé pátákó àkọ́kọ́ tí wọ́n fi sítíkà iléeṣẹ́ 3M ṣe sí ẹ̀gbẹ́ títì nítòsí ìlú Minneapolis. Nígbà yẹn, ẹ̀rún dígí róbótó bí iyanrìn ló wà nínú rẹ̀. Ti ìsinsìnyí, kọ̀rọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta yẹn náà ló wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti kéré débi pé ojú lásán kò lè kà wọ́n. Bọ́tìnnì ṣì wà níbẹ̀, ó kàn ti di ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni.

Ó dà bíi pé lẹ́tà náà ti yí padà. Àbí ojú mi ni?

Ojú yín kọ́. Lẹ́tà márosẹ̀ Amẹ́ríkà sanra nítorí bọ́tìnnì: wọ́n ní láti fẹ ìlà rẹ̀ kí bọ́tìnnì lè rí àyè jókòó. Nígbà tí sítíkà dé, wọ́n ń bá lẹ́tà sísanra náà lọ. Ìyọnu wá yọjú. Sítíkà mọ́ ju bọ́tìnnì lọ, ihò inú "e" àti "a" sì há. Lójú àgbà, ìmọ́lẹ̀ á kún inú ihò náà, "e" á di "o". Àwọn kan wá ṣe lẹ́tà tí ihò rẹ̀ gbòòrò, wọ́n pè é ní Clearview. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní 2004, ó gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò ní 2016, ó sì tún fọwọ́ sí i ní 2018. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá wakọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí èkejì, ẹ lè rí irú lẹ́tà méjì, òfin kò sì lòdì sí ìkankan nínú wọn.

Òótọ́ ni pé ẹnì kan fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ti ara rẹ̀ kọ́?

Òótọ́ ni, ní Los Angeles. Richard Ankrom lorúkọ rẹ̀, ayàwòrán ni. Lórí títì 110, bí èèyàn bá ń lọ sí àríwá, pátákó kò sọ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n ti fẹ́ yà sí títì 5; ìyàsọ́tọ̀ náà kàn ń bá awakọ̀ lójijì ni. Ankrom ti ṣìnà níbẹ̀ rí. Ó ka ìwé ìlànà ìpínlẹ̀, ó wọn gbogbo rẹ̀, ó ṣe àmì "5" àti "NORTH" pẹ̀lú bọ́tìnnì gidi nínú lẹ́tà, ó sì fín ọ̀dà eérú díẹ̀ sí i kó lè dọ̀tí bíi ti àwọn tó yí i ká. Ní August 5, 2001, ó wọ ẹ̀wù òṣìṣẹ́ títì, ó gun òkè lọ́sàn-án gangan, ó sì kàn án mọ́ ọn. Nígbà tí Caltrans, iléeṣẹ́ tó ń bójú tó títì ní California, gbọ́, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ó wà níbẹ̀ títí di 2009 tí wọ́n gbé pátákó tuntun sípò, "5" sì wà lára tuntun náà. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí, ṣùgbọ́n ẹ má dán an wò. Bí ohun tẹ́ ẹ kàn mọ́ òkè bá já lu ọkọ̀ tó ń sáré, ẹ̀mí lè lọ sí i.

Ṣé nọ́ńbà exit, ìyẹn nọ́ńbà ibi tí ọkọ̀ ti ń yà kúrò lórí márosẹ̀, máa yí padà?

Pátákó tuntun nìkan kì í yí i padà. Ṣùgbọ́n àwọn ìpínlẹ̀ kan pa iṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Massachusetts yí tirẹ̀ padà sí nọ́ńbà tó ń tẹ̀lé iye máìlì ojú ọ̀nà láti ìparí 2020 wọ 2021, wọ́n sì kọ nọ́ńbà àtijọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ojú lè mọ́ ọn. Connecticut ń ṣe tirẹ̀ bó ṣe ń pààrọ̀ pátákó. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ júwe ilé fún àlejò, ẹ lọ wo nọ́ńbà náà lójú títì kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́.

Mo fẹ́ mú ọ̀kan lọ sílé. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ẹ má yọ ọ́ fúnra yín, olè ni. Bí ìpínlẹ̀ bá ta á ní gbàǹjo, ẹ rà á kẹ́ ẹ sì tọ́jú rìsíìtì. Kẹ́ ẹ wọn ògiri yín kẹ́ ẹ tó lọ: lẹ́tà ńlá orí pátákó òkè sábà máa ń ga tó íǹṣì 16.

Kí ni kí n máa ṣọ́ra fún nígbà tí wọ́n bá ń ṣe é?

Òru ni wọ́n sábà ń ṣe é, wọ́n á sì dí ìlà títì kan tàbí méjì. Ẹ jẹ́ kí eré rọlẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Gbogbo ìpínlẹ̀ 50 ló ní òfin pé kẹ́ ẹ sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pàjáwìrì tó dúró tó ń tan iná, tàbí kẹ́ ẹ dẹwọ́ eré bí kò bá sí àyè, ọ̀pọ̀ wọn sì ka ọkọ̀ òṣìṣẹ́ títì mọ́ ọn. Àwọn tó wà lókè yẹn lọ́mọ nílé.

Ṣé kí n bẹ̀rù àwọn pátákó àtijọ́ tó kù?

Ẹ wo iná ọkọ̀ yín ná. Pátákó kò lè dá ohun tẹ́ ò fún un padà. Bí ike iwájú iná bá ti pọ́n tó sì ṣú, ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ̀ ọ́ tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ nu dígí iwájú ọkọ̀, nínú àti lóde. Bẹ́ ẹ bá rí pátákó tí lẹ́tà rẹ̀ ti ká, ẹ kọ orúkọ títì àti nọ́ńbà máìlì tó wà létí rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ bá ti páàkì, kẹ́ ẹ fi tó iléeṣẹ́ títì ìpínlẹ̀ yín létí.

Bàbá wa ti lé ní 70, wọ́n sì ṣì ń wakọ̀ lálẹ́. Kí ni ká ṣe?

Ẹ mú wọn lọ yẹ ojú wò kẹ́ ẹ tó bá wọn sọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀. Nǹkan tó ń bo ẹyinjú ṣeé ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ọ̀pọ̀ àgbà ló sì ti ríran dáadáa padà lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó tì wọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan lójú ọ̀nà tí wọ́n máa ń gbà. Ẹ ní kí wọ́n máa ka pátákó sókè bí wọ́n bá ti rí i, kẹ́yin náà máa kà á sínú. Bó bá jẹ́ pé ẹ ti kà á tán, tí ọkọ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé abẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó là ẹnu, ẹ bá wọn dá a sí ti ọ̀sán nìkan.