Van oníbátìrì yín ń jẹ táyà? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo abẹ́ ẹ̀

Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n kan wá bá mi láti Thamesmead. Délífárì ni wọ́n ń ṣe, van oníbátìrì àlòkù ni wọ́n ń wà, torí ULEZ, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín ẹ̀ burú, ni wọ́n ṣe rà á. Ẹ ṣáà mọ̀ pé láti oṣù kẹjọ 2023 kò síbi tí ULEZ ò dé mọ́ ní London, £12.50 lójúmọ́ fún dísẹ́ẹ̀lì àtijọ́, ta ló fẹ́ máa san ìyẹn? Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, "Àbúrò, bá mi ṣe aláínmẹ́ǹtì kíá, ẹrù ṣì pọ̀ lẹ́yìn tí mo fẹ́ pín." Mo bẹ̀rẹ̀, mo ki ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ inú táyà iwájú. Ẹ̀gbẹ́ ìta ṣì dáa o, tẹ́ ẹ bá dúró ẹ máa ní táyà tuntun ni, àmọ́ inú ti pá borobo, wáyà ti fẹ́ máa yọjú. Wọ́n ní aláínmẹ́ǹtì kẹta nìyẹn máa jẹ́ láàárín oṣù mẹ́rin, ibòmíì ni wọ́n ti ṣe méjì àkọ́kọ́. Wọ́n tún ní ọkọ̀ yẹn ń kùn lójú ọ̀nà, ẹnì kan sì ti sọ fún wọn pé bátìrì ló ń dún bẹ́ẹ̀.

Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ wá ná.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tí aláínmẹ́ǹtì jẹ́, torí ọ̀pọ̀ ló rò pé táyà tó tẹ̀ là ń nà. Rárá. Ibi tí táyà kọjú sí là ń wò. Ẹ wo ẹni tó ń rìn tí àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì ń kọjú síra wọn, tàbí tí wọ́n ń kọ̀yìn síra wọn, ìyẹn ni toe, òun gan-an ló sì máa ń jẹ táyà jù. Camber ni pé ṣé táyà dúró gbọnrangandan àbí orí ẹ̀ fẹ̀gbẹ́ sínú tàbí síta. Caster, ẹ wo fọ́ọ̀kì iwájú kẹ̀kẹ́ ológere, bó ṣe nà síwájú díẹ̀ yẹn, òun ló ń jẹ́ kí sítíárìn fúnra ẹ̀ padà sáàárín tẹ́ ẹ bá yà kọ́nà tán. Lórí ọ̀pọ̀ van, toe nìkan ni nọ́ọ̀tì wà fún láti yí níwájú, àwọn méjì tó kù, tí wọn ò bá dáa, nǹkan kan ti tẹ̀ tàbí ó ti jẹ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ sípánà.

Toe yìí, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ká ní táyà kan yà ní ìdá mẹ́rin dígírì kan péré. Létí ríìmù 16 ínṣì, ìyẹn ò tó mìlímítà 2, ojú lásán ò lè rí i. Àmọ́ nínú gbogbo máìlì kan tẹ́ ẹ bá rìn, táyà yẹn á ti wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní bíi mítà 7, bíi kéèyàn máa wọ́ bàtà nílẹ̀. Ẹ rin 100 máìlì lójúmọ́, mítà 700 nìyẹn, lójoojúmọ́ o, táyà tí wọ́n ń fi kọ́ńkéré rin bẹ́ẹ̀ ò lè pẹ́. Bátìrì ló sì ń sanwó wíwọ́ yẹn, torí náà tẹ́ ẹ bá rí i pé iná ò gbé yín dé ibi tó ń gbé yín dé tẹ́lẹ̀, kẹ́ ẹ tó sọ pé bátìrì ti ń kú, ẹ lọ wo táyà. Òfin náà wà ńbẹ̀: ní UK níbí, eyín táyà ò gbọdọ̀ dín sí mìlímítà 1.6, tí wọ́n bá mú yín, ó lè tó £2,500 pẹ̀lú pọ́ìǹtì 3 lórí láísẹ́ńsì, lórí táyà kan ṣoṣo.

Kí ló wá dé tí oníbátìrì fi yàtọ̀? Ìwúwo àkọ́kọ́, bátìrì yẹn wúwo, abẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀ ló wà. Agbára ẹ̀ tún ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí pé ó ń gbáradì, ẹ tẹ̀ ẹ́ ó ti lọ. Tẹ́ ẹ bá sì gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí throttle, ẹ̀rọ tó ń yí táyà máa fà á sẹ́yìn kó lè dá iná padà sínú bátìrì. Síwá sẹ́yìn, síwá sẹ́yìn, ní gbogbo ẹnu ilẹ̀kùn tẹ́ ẹ ti ń já ẹrù sílẹ̀. Gbogbo rọ́bà tó wà lábẹ́ ló ń jẹ ìyà ẹ̀.

Òmíràn tún ni pé orúkọ kan náà ò ní kí abẹ́ wọn jọra. Ẹ mú Ford Transit. Ti dísẹ́ẹ̀lì, sípíríǹgì pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra ló wà lẹ́yìn, pẹ̀lú ọ̀pá kan tó so táyà méjèèjì pọ̀. E-Transit tó jáde ní 2022, tó ní bátìrì 68 kWh lábẹ́ (kWh ni ìwọ̀n iná tí bátìrì ń gbà), ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ iná ẹ̀ wà, wọ́n ti yọ sípíríǹgì pẹlẹbẹ yẹn dànù, táyà ẹ̀yìn kọ̀ọ̀kan dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Vauxhall Vivaro Electric ní tiẹ̀, 50 tàbí 75 kWh, iwájú ló ti ń fà. Torí náà mẹkáníìkì tó bá sọ fún yín pé "Transit kẹ̀, mo mọ Transit, ẹ̀yìn ẹ̀ kì í ní aláínmẹ́ǹtì", tàná ló ń sọ.

Iṣẹ́ gan-an wá ńkọ́? Èmi máa ń kọ́kọ́ wo géèjì. Atẹ́gùn táyà gbọ́dọ̀ rí bí ìwé tó wà létí ilẹ̀kùn dírẹ́bà ṣe wí, nọ́ńbà yẹn sì máa ń yàtọ̀ tí ẹrù bá kún. Mo tún ń wò ó bóyá táyà C ni, táyà van, torí àwọn kan ń ra táyà káà lásán fún ọkọ̀ tó wúwo tó báyìí kí wọ́n lè fi ogún pọ́ùn sápò. Lẹ́yìn náà mo bi wọ́n pé kí ló wà lẹ́yìn ọkọ̀. Ṣẹ́ẹ̀fù, ìyẹn pẹpẹ ẹrù, tí wọ́n dè mọ́ ọn wà lára ọkọ̀, ìyẹn lè dúró, àmọ́ ẹrù tẹ́ ẹ máa já lọ́la, ẹ já a sílé kẹ́ ẹ tó wá, torí tí ẹ̀yìn bá tẹ̀ sílẹ̀ gbogbo nọ́ńbà ló máa yí padà, ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ ló sì ń sọ irú ìwúwo tí wọ́n fẹ́ ká fi wọ̀n ọ́n.

Ká tó gbé e sókè, kọ́kọ́rọ́ máa kúrò nítòsí ẹ̀, inú ọ́fíìsì mi ló máa wà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Dísẹ́ẹ̀lì tó wà lórí iná ẹ máa gbọ́ ohùn ẹ̀, eléyìí READY lásán ló máa kọ sí dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹni tó wà lábẹ́ ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ibi tí a máa gbé e lé náà ṣe pàtàkì, àwọn ojú ibi tí ìwé ọkọ̀ sọ nìkan. Mo ti rí van tí ẹnì kan ti ki jáàkì bọ àárín ẹ̀, ilé bátìrì ti tẹ̀ wọnú, owó tí wọ́n dá lé e kọjá owó tí wọ́n fi ra ọkọ̀. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tẹ́ ẹ bá rí lábẹ́, iná ńlá bátìrì ló ń gba inú ẹ̀, ẹ má dé ibẹ̀, kò kan aláínmẹ́ǹtì rárá.

Ó ti wà lókè. Mo di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, mo mì í, mo tún dì í mú lápá ọ̀tún òun òsì, mo mì í. Bọ́ọ̀lì jọ́ìǹtì, tai ródì, bíárìn, bọ́ọ̀ṣì. Ibi tí mo ti rí ti ẹ̀gbọ́n nìyí. Bọ́ọ̀ṣì lower arm ọwọ́ òsì, ìyẹn rọ́bà tó di apá irin ìsàlẹ̀ tó gbé táyà mú, ti ya, mo ki irin gbọọrọ sí i báyìí, apá yẹn ń lọ ó ń bọ̀ bí eyín ọmọ ọdún méje. Ẹ wá rò ó: lórí ẹ̀rọ aláínmẹ́ǹtì, ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́, gbogbo nọ́ńbà á máa fi àwọ̀ ewé hàn, wọ́n á tẹ ìwé fún yín, ẹ máa sanwó. Ẹ bá dé òpópónà, ẹ tẹ throttle, táyà yíjú sínú, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò, ó yíjú síta. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti tò ó dáadáa fún wọn lórí ẹ̀rọ. Irọ́ kọ́ ni ìwé yẹn pa, ibi tí ọkọ̀ ti ń ṣàìsàn ni wọn ò wò.

A pa bọ́ọ̀ṣì méjèèjì dà, a ra táyà méjì, ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ di aláínmẹ́ǹtì. A gbé táyà iwájú lé àwo tó ń yí, a fi kámẹ́rà ẹ̀rọ wọ̀n ọ́n, ẹ̀yìn la kọ́kọ́ kà, torí ibi tí táyà ẹ̀yìn bá kọjú sí ni ọkọ̀ máa fẹ́ lọ, tẹ́ ẹ bá to iwájú láìwo ẹ̀yìn, sítíárìn lè má dúró sáàárín. Lẹ́yìn náà mo de sítíárìn mọ́ àárín, mo tú nọ́ọ̀tì tai ródì, irin tó so sítíárìn mọ́ táyà, ọ̀tún díẹ̀, òsì díẹ̀. Mo ti ń ṣe èyí láti Mushin, nígbà tó jẹ́ okùn la fi ń wọ̀n ọ́n, ọ̀gá mi á ní kí n dijú kan wo okùn yẹn, kì í sì í ṣe pé okùn burú o, ẹni tó bá ní sùúrù á fi tò ó. Yíyí nọ́ọ̀tì yìí ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àyàfi tí ìpẹtà bá ti gbá a mú.

Ohun tí okùn ò lè ṣe ni eléyìí tó kù. Ọkọ̀ yìí ní sẹ́ńsọ̀ tó ń mọ ibi tí sítíárìn wà. Tẹ́ ẹ bá yí tai ródì tẹ́ ẹ ò sì fi kọ̀ǹpútà sọ fún un pé ibí ni àárín báyìí, ó lè máa rò pé ẹ ń yà nígbà tẹ́ ẹ ń lọ tààrà. Èyí tó bá tún ní kámẹ́rà lẹ́yìn gíláàsì iwájú tó ń ṣọ́ ìlà ojú ọ̀nà, ìwé ọkọ̀ lè ní ká tún òun náà tò. Ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ sì gba ìwé nọ́ńbà, ti kí wọ́n tó ṣe àti ti ìgbà tí wọ́n ṣe tán, ibi tó bá ní èyí tó gbẹ̀yìn nìkan ló wà, ẹ bi wọ́n léèrè.

Ẹ̀gbọ́n pè mí lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Kíkùn yẹn ti lọ, táyà tó ti jẹ ségesège ló ń dún bẹ́ẹ̀, bátìrì ò mọ nǹkan kan. Àmọ́ ní báyìí tí ọkọ̀ ti dákẹ́, wọ́n ní àwọn ń gbọ́ nǹkan míì tó ń dún kọ̀ngọ̀ kọ̀ngọ̀ lẹ́yìn, ṣé kì í ṣe pé mo gbàgbé nọ́ọ̀tì kan ni. Wọ́n gbé e wá, mo wá a títí fún ogún ìṣẹ́jú. Ìgò Supermalt ni, abẹ́ ṣẹ́ẹ̀fù ló yí sí.