Tí èèyàn wa bá kú, kí la máa sọ fọ́mọ kékeré nípa Ọlọ́run?

Ìbéèrè: Ọmọ mi ò ju ọdún 4 lọ. Màmá àgbà ẹ̀ kú, a ní wọ́n ti lọ sọ́dọ̀ Jésù, ó ní òun ti gbọ́, àmọ́ àràárọ̀ ló ń béèrè ìgbà tí wọ́n máa dé. Ṣé kò gbọ́ ni?

Ìdáhùn: Ó gbọ́ o. Ohun tó gbọ́ ni pé wọ́n lọ síbì kan, ẹni tó bá sì lọ síbì kan, ṣebí ó máa ń padà wálé, bó ṣe ń rí i látìgbà tó ti dáyé nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ò tíì pé 5 ò tíì mọ̀ pé ẹni tó kú ò ní wọlé mọ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ ti ara: "Màmá ti kú. Ara wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, wọn ò mí mọ́, nǹkan kan ò sì dùn wọ́n mọ́." Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó wá sọ ti Jésù. Ẹ ṣì máa tún un sọ lọ́jọ́ míì, àìmọye ìgbà, ẹ má jẹ́ kó sú yín.

Ìbéèrè: Ká kúkú sọ pé wọ́n ń sùn ńkọ́? Bíbélì náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ìdáhùn: Ó sọ ọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ ka Jòhánù 11 dáadáa. Jésù ní Lásárù sùn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn, àgbàlagbà o, ní tó bá ti sùn, ara ẹ̀ máa yá nìyẹn. Ló bá là á mọ́lẹ̀ fún wọn ní ẹsẹ 14: Lásárù kú. Tọ́rọ̀ yẹn bá rú àwọn yẹn lójú, ti ọmọ ọdún 4 wá ńkọ́? Ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún bẹ́ẹ̀dì, tàbí kó máa jí yín lóru kó lè mọ̀ bóyá ẹ ṣì wà láyé.

Ìbéèrè: Àǹtí ẹ̀ ní Ọlọ́run ló mú wọn torí pé wọ́n dáa, ó ń wá áńgẹ́lì.

Ìdáhùn: Wọn ò ní in lérò láti ṣèpalára, àmọ́ èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹ fi etí ọmọ gbọ́ ọ: Ọlọ́run máa ń wá mú ẹni tó bá dáa. Ọmọ náà lè wá sọ lọ́kàn ẹ̀ pé, "Kí n yáa ya ìpáǹle nìyẹn!" Bíbélì ò sì sọ níbì kankan pé èèyàn tó kú ń di áńgẹ́lì. Àwọn ọmọ míì tún máa ń rò pé àwọn ló fa ikú náà, bóyá torí pé wọ́n ṣe oríkunkun sí màmá, wọn ò sì ní sọ ọ́ jáde, ẹ má dúró kó béèrè, ẹ sọ fún un pé kò sóhun tó ṣe tàbí tó rò tó pa wọ́n.

Ìbéèrè: Ṣé ká sunkún lójú ẹ̀? Wọ́n ní àìnígbàgbọ́ ni.

Ìdáhùn: Jésù mọ̀ pé òun máa jí Lásárù dìde, ó ṣì sunkún. Pọ́ọ̀lù náà ò ní ká má ṣọ̀fọ̀, ó ní ká má ṣe é bí àwọn tí ò nírètí. Ẹ kàn sọ ìdí ẹ̀ fún un: "Àárò màmá ló ń sọ mí, kì í ṣe ìwọ lo ṣẹ̀ mí." Tó bá sì sunkún tán tó bọ́ síta lọ gbá bọ́ọ̀lù, kì í ṣe pé ó ti gbàgbé, bọ́mọdé ṣe ń ṣọ̀fọ̀ nìyẹn.

Ìbéèrè: Ó ní òun gbàdúrà, Ọlọ́run ò dáhùn.

Ìdáhùn: Èyí ló le jù. Ẹ má sọ pé àdúrà ẹ̀ ò tó o! Ẹ sọ pé ẹ̀yin náà ò mọ ìdí ẹ̀, Dáfídì pàápàá bi Ọlọ́run nínú Sáàmù 13 pé títí dìgbà wo. Tó bá fẹ́ sọ fún Ọlọ́run pé inú ń bí òun, ẹ jẹ́ kó sọ ọ́, kẹ́ ẹ ṣe àmín. Àmọ́ tí kò bá jẹun, tí kò sùn, tí kò ṣeré fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tàbí tó ń sọ pé òun fẹ́ kú, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, kẹ́ ẹ sì máa gbàdúrà lọ.