Ibi Tí Owó Iná Ń Gbà Lọ: Bí Mítà Ṣe Ń Ka Iná Inú Ilé

Tí yúníìtì bá ti ń lọ sílẹ̀ lórí mítà, gílóòbù ni ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ máa ń dojú kọ. Wọ́n á ké mọ́ ọmọ tó gbàgbé iná yàrá sílẹ̀, wọ́n á pa ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á jókòó sínú òkùnkùn. Lásìkò yẹn gan-an, bọ́ílà wà nínú korobá ní bálùwẹ̀, omi ti ń hó, kò sì sẹ́ni tó rántí rẹ̀. Ètè ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá. Orí ohun tó ń mú nǹkan gbóná àti ohun tó ń mú nǹkan tutù ni owó iná ti ń tán jù, ẹni tó bá sì mọ bí mítà ṣe ń kà á lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Yúníìtì kan ni iná tí ohun èlò tó ń jẹ wáàtì 1,000 máa jẹ ní wákàtí kan. Èyí tó ń jẹ wáàtì 100 á lo wákàtí 10 kó tó jẹ ẹ́ tán. Kẹ́tùlù tó ń jẹ wáàtì 2,000 kò ní lò ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Nǹkan méjì yìí nìkan ni mítà ń wò: bí ohun èlò ṣe ń jẹ iná sí, àti bó ṣe pẹ́ tó lórí iná. Iye wáàtì náà kì í ṣe àṣírí. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí abẹ́ kẹ́tùlù, sí ìdí áyọ́ọ̀nù, sí ẹ̀yìn fíríìjì, nọ́mbà kan tí lẹ́tà W tẹ̀ lé.

Iye tí wọ́n ń ta yúníìtì kan kò dọ́gba káàkiri. Láti ọdún 2020 ni NERC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, ti pín àwọn tó ń lo iná sí báńdì márùn-ún gẹ́gẹ́ bí iye wákàtí tó yẹ kí wọ́n máa rí iná lójúmọ́. Ó kéré tán, Báńdì A yẹ kó rí wákàtí 20, B 16, C 12, D 8, E 4. Fíídà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wọ àdúgbò, ni wọ́n fi ń pín in. Ìdí nìyẹn tí ilé méjì tó dojú kọra wọn ní títì kan náà fi lè máa ra iná ní iye tó jìnnà síra. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, yúníìtì kan ní Báńdì A fò láti náírà 68 sí náírà 225. Ó wálẹ̀ sí 206.80 ní oṣù Karùn-ún, ó sì di 209.50 ní oṣù Keje. Nígbà yẹn, èyí tí àwọn báńdì yòókù ń san kò tó ìdajì rẹ̀. Òfin iná mànàmáná tó jáde ní 2023 sì ti fún àwọn ìpínlẹ̀ láǹfààní láti máa ṣàkóso iná tiwọn, torí náà orí rìsíìtì tí wọ́n bá fún ènìyàn ni kó ti máa wo iye tó ń san báyìí.

Rìsíìtì yẹn tọ́ sí kíkà dáadáa, bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn nọ́mbà 20 tí wọ́n máa tẹ̀ sínú mítà nìkan ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò lára rẹ̀. Ká ní ènìyàn ra iná 10,000 náírà ní Báńdì A, ní iye 209.50. VAT, ìyẹn owó orí ìjọba tó jẹ́ ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń fi lé iye iná gan-an, ni wọ́n á kọ́kọ́ yọ, yóò ku náírà 9,302. Wọ́n á wá fi 209.50 pín in, yóò sì jẹ́ yúníìtì 44.4. Bí a bá wá wo gbogbo ẹ̀ pọ̀, náírà 225 ni yúníìtì kọ̀ọ̀kan ná ẹni tó rà á. Nọ́mbà 225 yìí la ó máa lò nísàlẹ̀. Ẹni tó wà ní báńdì mìíràn lè fi tiẹ̀ dípò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ní mítà yàtọ̀. Àfojúbù ni wọ́n fi ń mú bílì wá fún un, bó pa iná, bí kò pa iná, iye kan náà ni. NERC ti fi gbèdéke sí iye tí wọ́n lè bù fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóṣù láti 2020, ṣùgbọ́n gbogbo ìṣọ́raṣe inú ilé kò lè dín kọ́bọ̀ kù níbẹ̀. Mítà ló yẹ kó kọ́kọ́ wá.

Omi ìwẹ̀ ni ibi tó dùn ún wò jù. Omi máa ń gba ooru púpọ̀ kó tó gbóná, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ ju ohunkóhun mìíràn tí a ń lò nínú ilé lọ. Lítà 20 tó kún korobá kan sábà máa ń wà ní ìwọ̀n ooru bíi 27 bí a bá fà á láti inú kànga tàbí ẹ̀rọ. Kó tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ dé 45 tí ara ń fẹ́, yóò jẹ yúníìtì 0.42, ìyẹn náírà 95. Bí wọ́n bá gbàgbé rẹ̀ títí tó fi hó, ó di yúníìtì 1.7, owó náà sì ti kọjá náírà 380. Ilé tí ènìyàn mẹ́rin ń gbé, tí kálukú ń wẹ korobá omi gbígbóná kan péré lójúmọ́, tí kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kó hó rí, yóò jẹ yúníìtì 50 lóṣù kan. Káàdì 10,000 yẹn kò tó omi ìwẹ̀ nìkan, ká má tíì sọ ti fáànù tàbí tẹlifíṣọ̀n.

Ohun tó ń dín in kù kò le. Ààbọ̀ korobá tó fún àgbàlagbà tó bá fi abọ́ bù ú wẹ̀, ààbọ̀ owó náà sì ni. Kí ẹni tó ki bọ́ílà bọ omi dúró tì í, tàbí kó fi aago sórí fóònù. Yàtọ̀ sí owó, bọ́ílà tí wọ́n gbàgbé sínú korobá oníke ti dá iná sílẹ̀ nínú ilé rí. Tánkì dúdú tó wà lókè ilé náà máa ń gba oòrùn láti àárọ̀, omi tó bá ti ibẹ̀ wá ní ìrọ̀lẹ́ kì í nílò iná rárá lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọn mìíràn ti gbé omi ìwẹ̀ àti oúnjẹ sísè kúrò lórí iná lọ sórí gáàsì, àwọn kan sì ti ṣe òdìkejì. Báńdì tí ènìyàn wà ló máa sọ èwo ló tọ̀nà. Kílò gáàsì kan ní ooru tó tó yúníìtì 13 nínú, ṣùgbọ́n bí ìdajì rẹ̀ ló ń wọnú ìkòkò, ìyókù ń gba ẹ̀gbẹ́ ìkòkò jáde. Nítorí náà, kílò kan ń ṣe iṣẹ́ bíi yúníìtì 6. Ní Báńdì A, yúníìtì 6 jẹ́ náírà 1,350. Níwọ̀n ìgbà tí kílò gáàsì kò bá tó iye yẹn, gáàsì ló rọjú. Ẹni tó wà ní báńdì tí yúníìtì kan rẹ̀ kò tó ìdajì náírà 225 yóò rí i pé iná ló sàn fún òun ní wákàtí tí iná bá wà. Ìdérí ìkòkò wúlò lórí méjèèjì, àti lórí èédú pẹ̀lú. Ẹ̀wà tí wọ́n rẹ mọ́jú, tí wọ́n sì sè nínú ìkòkò tó ń ti ooru mọ́nú, yóò tètè jinná ju èyí tí wọ́n sè nínú ìkòkò tí kò ní ìdérí lọ.

Ẹ̀rọ amúlétutù ló tẹ̀ lé e. Èyí tó jẹ́ 1.5 hp ń jẹ bíi wáàtì 1,200. Kì í ṣiṣẹ́ láìdákẹ́: bí yàrá bá tutù tó, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á já, bí ó bá tún móoru, á pa dà. Ká ní láàárín wákàtí mẹ́jọ òru ó fi wákàtí márùn-ún ṣiṣẹ́ gan-an, yúníìtì 6 ni, náírà 1,350 lóru kan. Fáànù tó ń jẹ wáàtì 70 fún wákàtí mẹ́jọ kò ju náírà 126 lọ. Kò sí ẹni tó lè ní kí ẹni tó ń gbé abẹ́ páànù tí kò ní sílíìnì má lo ohun tó máa jẹ́ kó sùn. Ṣùgbọ́n bí páànù bá ń da ooru sílẹ̀ ní tààrà, tí fèrèsé kò sì pa dé, ẹ̀rọ yẹn kò ní já rárá, yóò ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ gbáko. Fífọ àwọ̀n inú rẹ̀ tí eruku ti dí náà ń mú kó tètè já.

Fíríìjì kì í jẹ iná púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àmọ́ kò mọ ọ̀sán, kò mọ òru. Rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀ ni kí ènìyàn yẹ̀ wò. Kó fi bébà kan sí ẹnu ibẹ̀, kó ti ilẹ̀kùn pa, kó sì fa bébà náà. Bó bá yọ wẹ́rẹ́ láìdi í mú, òtútù ń gba ibẹ̀ jáde lójoojúmọ́. Ìgò omi tí wọ́n fi kún àyè tó ṣófo ń jẹ́ kó di òtútù mú nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ.

Ti áyọ́ọ̀nù kò gùn: kí wọ́n lọ aṣọ ọ̀sẹ̀ kan pọ̀, torí ìgbà tó bá ń gbóná láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ń jẹun jù. Gílóòbù àtijọ́ oníwáàtì 60 tó tàn fún wákàtí 10 jẹ náírà 135. LED oníwáàtì 9 jẹ ogún náírà. Ó yẹ kí ènìyàn pààrọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn kó gbàgbé ọ̀rọ̀ gílóòbù.

Bí ènìyàn kò bá gba gbogbo ìṣirò yìí gbọ́, mítà fúnra rẹ̀ á fi hàn án. Iná pupa kékeré kan wà lójú rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ nọ́mbà kan sí pẹ̀lú imp/kWh. Bó bá jẹ́ 1000, ìtúmọ̀ rẹ̀ ni pé iná pupa náà yóò ṣẹ́jú nígbà 1,000 kí yúníìtì kan tó lọ. Kí ènìyàn ka iye ìgbà tó ṣẹ́jú ní ìṣẹ́jú kan, kó sọ ọ́ di ìlọ́po 60, wáàtì tí gbogbo ilé ń jẹ lọ́wọ́ ló rí yẹn. Bó bá ṣẹ́jú nígbà 20, wáàtì 1,200 ni. Kó wá lọ yọ fíríìjì, kó pa dà wá kà á. Kó yọ èyí tó tẹ̀ lé e. Ìyàtọ̀ tó bá rí ní ìgbà kọ̀ọ̀kan ni ohun tí ohun èlò yẹn ń jẹ. Bí nọ́mbà mítà bá jẹ́ 1600, ìlọ́po 37.5 ni yóò lò dípò 60. Ilé tí àwọn ayálégbé ti ń lo mítà kan pọ̀ lè fi èyí parí ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn nípa ẹni tó yẹ kó dá owó jù, kí wọ́n tó rí owó fi mítà kékeré sí yàrá kọ̀ọ̀kan.

Lópin gbogbo rẹ̀, kí ó pa súwíìṣì ńlá tó wà láàárín mítà àti inú ilé, kó sì dúró síwájú mítà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Iná pupa yẹn kò gbọdọ̀ ṣẹ́jú mọ́. Bó bá ṣì ń ṣẹ́jú, wáyà kan ti bó níbì kan láàárín mítà àti súwíìṣì náà, tàbí ẹnìkan ti so wáyà tirẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Oníná tó mọṣẹ́ ni kí wọ́n pè lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ògiri ibi tó bá tutù lábẹ́ wáyà yẹn.